Kí A Tó Pe Ènìyàn Lólè

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń gba ẹnu mi kọjá nínú iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, kò sí èyí tó wúwo tó olè. Ògbufọ̀ kóòtù ni mí. Láàárín adájọ́ tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ẹjọ́ sílẹ̀ àti olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ ni mo máa ń dúró sí, tí n óò gbé ọ̀rọ̀ eléyìí fún tọ̀hún láìbù mọ́ ọn, láìbù kúrò níbẹ̀. Ẹ̀sùn olè jíjà kì í sì í wọ́n ní kóòtù Májísíréètì: fóònù, ewúrẹ́, ọ̀kadà, owó àjọ, wáyà iná, kòkó tútù lóko olóko.

Ohun kan wà tí iṣẹ́ yìí ti là mí lójú sí, òun ni mo sì fẹ́ sọ. Àwa ọmọ Yorùbá máa ń yára sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ kí a tó sọ ohun tó ṣe. Bó bá jẹ́ mẹ̀kúnnù lọ̀rọ̀ kàn, a ó ti pè é lólè kí ọlọ́pàá tó dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni ńlá, a ó wá ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ kan tí kò fi ibì kan gún ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwà méjèèjì yìí, ọ̀kan ni wọ́n. Inú ẹnu wa ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, inú kóòtù ni wọ́n sì ń parí sí.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọ̀rọ̀ mú un. Jí ni ọ̀rọ̀ ìṣe, olè ni orúkọ. "Ó jí ewúrẹ́" sọ nípa ọjọ́ kan àti ewúrẹ́ kan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè béèrè pé ewúrẹ́ ta ni, ọjọ́ wo ni, ta ló rí i. Ṣùgbọ́n "olè ni" kò ní ọjọ́, kò sì ní ewúrẹ́ nínú. Ó kó gbogbo ayé ẹni náà pọ̀, èyí tó ti gbé kọjá àti èyí tó kù níwájú. Àwọn àgbà mọ agbára tí ọ̀rọ̀ náà ní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Ìkìlọ̀ ni òwe náà jẹ́ fún ẹni tí kò tíì jí. Fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, ìdájọ́ ayérayé ni.

Òfin kò bá ibẹ̀ yẹn wọlé. Ìwé Òfin Ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn ṣe fún gbogbo Nàìjíríà ní 1916, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ṣì ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀, kò jókòó ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ olè. Ohun tí à ń pè ní jíjí nǹkan ló ṣàlàyé, ní abala 383. Ẹni tó bá fi èrò màgòmágó mú ohun tó ṣeé jí, tàbí tó fi irú èrò bẹ́ẹ̀ sọ ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ di tara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn, òfin ní ó jí i. Ọwọ́ ni òfin ń wò, àti ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó na ọwọ́ náà. Ìran rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwà rẹ̀ látẹ̀yìn wá kò sí níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní sọ fún olùjẹ́jọ́ láéláé pé "wọ́n ní olè ni ọ́." Bó bá jẹ́ bàbá àgbàlagbà ló wà nínú àpótí, ohun tí n óò sọ ni pé: "Bàbá, wọ́n fẹ̀sùn kàn yín pé ní ọjọ́ báyìí, ní àdúgbò báyìí, ẹ jí nǹkan báyìí, tó jẹ́ ti ẹni báyìí. Ṣé ẹ jẹ̀bi tàbí ẹ ò jẹ̀bi?" Mo máa ń fi ẹ̀yin pe ẹni tó bá jù mí lọ. Ẹ̀sùn kò sọ àgbà di ọmọdé, ìbọ̀wọ̀ yẹn kò sì ba ohunkóhun jẹ́ nínú ẹjọ́. Abala 36 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 ló fún olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀sùn fún un ní èdè tó yé e, pẹ̀lú kúlẹ̀kúlẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Abala kan náà ló ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí wọn yóò fi fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀. Nínú ẹjọ́ Kajubo àti Ìjọba ní 1988, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé dandan ni kí wọ́n ka ẹ̀sùn, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní èdè tí olùjẹ́jọ́ gbọ́ kí ó tó fèsì. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òfo ni gbogbo ìgbẹ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ògbufọ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Yorùbá gan-an kò sọ wá di aláìní nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ wo bí jí ṣe ń rìn. Kì í sábà dá rìn. Ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn máa ń tẹ̀ lé e láti sọ ohun tí ọwọ́ ṣe gan-an. Ẹni tó mú ewúrẹ́ kan lọ jí i gbé. Ẹni tó palẹ̀ gbogbo adìẹ inú àgọ́ mọ́ jí wọn kó. Wọ́n ń jí àgbàdo ya, wọ́n ń jí kòkó ká, wọ́n ń jí iṣu wà, wọ́n ń jí ọkọ̀ wà lọ, wọ́n ń jí iná lò. Akẹ́kọ̀ọ́ ń jí ìwé wò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ajínigbé ń jí ọmọ ènìyàn gbé. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí ti sọ bóyá ẹyọ kan ni tàbí ọ̀pọ̀, bóyá inú ilẹ̀ ló ti jáde tàbí orí igi, bóyá wọ́n gbé e lọ ni tàbí ibẹ̀ ni wọ́n ti lò ó tán.

Bí ìyá àgbẹ̀ kan bá dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí tó ní "wọ́n jí iṣu mi wà," tí ògbufọ̀ wá sọ fún adájọ́ pé wọ́n jí iṣu màmá náà, tó sì dákẹ́ síbẹ̀, nǹkan ti bọ́ sílẹ̀. Iṣu náà ṣì wà nínú ebè nígbà tí ọkọ́ kàn án. Ó sì kan òfin, torí abala 382 ní ohun tó so mọ́lẹ̀, ìgbà tó bá di ohun tó ṣeé gbé ló di ohun tó ṣeé jí, ìbáà ṣe torí àtijí i náà ni wọ́n ṣe tú u kúrò níbi tó wà. Wíwà tí wọ́n wà á ló sọ iṣu di ohun tí a lè jí, gbígbé tí wọ́n gbé e ló sì parí iṣẹ́ ibi náà. Màmá tí kò ka ìwé òfin rí ti sọ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ojúṣe mi ni kí n rí i pé ó dé etí adájọ́: pé láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wú u, pé ẹnikẹ́ni kò kó o sí abà tẹ́lẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń lò lójoojúmọ́ má gba ohun tí òfin ní lọ́kàn. Ẹ gbọ́ eléyìí. Wọ́n ka ẹ̀sùn fífọ́lé fún ọ̀dọ́kùnrin kan. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lójú gbogbo kóòtù, ó gbé orí sókè, ó ní: "Ọ̀gá, mi ò fọ́ nǹkan kan o. Ilẹ̀kùn yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n kàn pa á dé ni, mo sì fọwọ́ tì í." Ó wo ojú mi bí ẹni tó ti bọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún adájọ́ bó ṣe sọ ọ́, adájọ́ sì ní kí n ṣàlàyé ohun tí òfin ń pè ní fífọ́ fún un. Mo ṣàlàyé rẹ̀: abala 410 ní ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tí wọ́n pa dé, ìbáà fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ìbáà fà á, ìbáà tì í, ó ti fọ́lé. Igi lè má ya, gíláàsì lè má fọ́. Ojú ọmọ náà yí padà. Ní ìṣẹ́jú yẹn ló tó mọ ẹ̀sùn tí wọ́n ń béèrè ìdáhùn sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àkókò náà tún wà níbẹ̀. Fọ́lé jalè lóru lè mú ẹ̀wọ̀n gbére wá lábẹ́ abala 411. Bó bá jẹ́ ojúmọmọ, kò ní ju ọdún 14 lọ. Òru tí òfin sì ń sọ bẹ̀rẹ̀ láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí di agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Yorùbá kò pe agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní òru rí. Ìyá aládúgbò tó ní "àárọ̀ kùtù ni, mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́," lójú òfin òun lè máa sọ̀rọ̀ òru. Nítorí náà, bí ẹlẹ́rìí bá sọ pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, èmi kò ní sọ ọ́ di òru tàbí ọ̀sán fúnra mi. N óò gbé e bó ṣe wà, kí adájọ́ bi í pé ṣé ìmọ́lẹ̀ ti là, ṣé wọ́n ti kírun, ṣé àwọn ọmọ ti ń lọ sílé ìwé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó máa ń dá wa dúró ni gbà. "Ó gba owó lọ́wọ́ mi" lè jẹ́ pé mo fún un, ó sì gbà. Ó lè jẹ́ pé ó lọ́ mi lọ́wọ́ gbà. Ó sì lè jẹ́ pé ó fipá gbà á. Láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan lè máà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rárá, èkejì jẹ́ ìlọ́nilọ́wọ́gbà, ẹ̀kẹta sì lè jẹ́ ìdigunjalè. Bákan náà ni fóònù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni nínú dáńfó: ṣé wọ́n yọ ọ́ lápò ni, ṣé wọ́n já a gbà ni, àbí wọ́n yọ ọ̀bẹ sí i kó tó gbé e sílẹ̀? Lábẹ́ abala 401, ipá tàbí ìhàlẹ̀ ipá ló ń sọ jíjí di ìdigunjalè. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti ṣe òfin ìdigunjalè ní 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ikú ti di ìjìyà ẹni tó bá gbé ohun ìjà dání nídìí rẹ̀. Ní 1971, wọ́n yìnbọn pa Oyènúsì àtàwọn tí wọ́n jọ dá lẹ́jọ́ ní etíkun Bar Beach l'Ékòó, níṣojú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Láàárín yọ àti já gbà àti fipá gbà, ẹ̀mí ènìyàn lè wà níbẹ̀. Ògbufọ̀ tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti ṣe ohun tí kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Owó àjọ ló máa ń ba ọkàn jẹ́ jù. Alájọ kan á gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà láti ọjọ́ kìíní oṣù, nígbà tí oṣù bá parí, owó ò ní sí. Ohun tí olùjẹ́jọ́ máa ń sọ ni pé: "Mi ò jí i. Mo kàn fi rán ara mi lọ́wọ́ ni, màá dá a padà." Òótọ́ inú rẹ̀ lè ni. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tó fara jọ ọ́ nílé: a máa ń ní ẹnìkan ná owó olówó, tàbí pé owó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ti rí àwáwí yìí tipẹ́, ó sì ti dí ọ̀nà rẹ̀ ní abala 383 kan náà: bó bá jẹ́ owó, ẹni tó bá lérò láti máa ná an bó ṣe wù ú ti jí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní i lọ́kàn láti san án padà. Ìyá ọlọ́jà tó fi ọgọ́rùn-ún náírà lé ọgọ́rùn-ún náírà kò bìkítà nípa ohun tí alájọ ní lọ́kàn. Ọjọ́ tí yóò fi owó náà san owó ilé ìwé ọmọ ló ń kà.

Jìbìtì náà wà níbẹ̀, níbi tó jẹ́ pé olóhun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹni tó ń tàn án. Abala 419 ló fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, òfin tí wọ́n ṣe lórí jìbìtì ní 2006 sì sọ ìjìyà rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 7, tí kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 20 lọ, láìsí owó ìtanràn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ń ṣe Yahoo ń pe é níṣẹ́. "Mò ń ṣiṣẹ́," ni wọ́n ń wí, ẹni tí wọ́n sì ń lù ní jìbìtì ni wọ́n ń pè ní kíláyẹ́ǹtì. Ọ̀dọ́ tó bá ti fi orúkọ iṣẹ́ bo jìbìtì lẹ́nu ara rẹ̀, ìgbà tí ẹnìkan bá wá pe orúkọ náà bó ṣe jẹ́ ni yóò máa rò pé wọ́n fẹ́ tàbùkù òun.

Ibì kan wà tí òwe wa àti òfin ti fọwọ́ so pọ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àsọdùn ni. Ẹ ṣí Ìwé Òfin Ọ̀daràn. Jíjí tí kò bá ní ìjìyà àrà ọ̀tọ̀, ọdún 3 ni abala 390 fi sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ohun tí wọ́n jí lọ́nà ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, tó sì mọ̀ pé jíjí ni wọ́n jí i, abala 427 lè fi í sẹ́wọ̀n ọdún 14. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ra fóònù láìsí páálí àti rìsíìtì, bí kò bá sí ẹni tí yóò ra wáyà iná tí wọ́n gé lójú òpó, ta ni yóò gun òpó lóru? Síbẹ̀, ní àdúgbò wa, ọmọ tó gé wáyà ni wọ́n ń pè lólè. Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, oníṣòwò ni wọ́n ń pè é, wọ́n tún ń fi í ṣe alága ayẹyẹ.

Kí kóòtù tó dé ni ilẹ̀ yìí ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya mú sọ́tọ̀ kúrò lára jí. Arìnrìn-àjò tí ebi ń pa lè wa iṣu kan nínú oko olóko, kó sun ún, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀, kó sì máa lọ. Kò gbọdọ̀ di ẹrù jáde. Ìyá ọlọ́jà a tún kó ọjà rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, a fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye tó ń tà á, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rà á á fi owó síbẹ̀. Ní orí igi eléso àti lórí ìdì igi tí wọ́n ti ṣà jọ, wọn a fi ààlè há a: ìgbálẹ̀ tó ti gbó, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa, bàtà tó ti já. Ọ̀mọ̀wé David Doris, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà, kọ odindi ìwé kan lórí ààlè, tó jáde ní 2011, torí ó rí i pé èrò jíjinlẹ̀ wà nínú àwọn nǹkan tí a ti lò gbó yìí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó bá jí ohun tí mo ń ṣọ́, yóò gbó bí mo ṣe gbó.

Èyí tó wú mi lórí nínú ààlè ni pé ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ó ní nǹkan yìí ní olóhun, bí o bá fọwọ́ kàn án láti ìsinsìnyí lọ, kì í ṣe mímú mọ́. Òfin kóòtù pẹ̀lú ní irú ojú àánú yìí: abala 23 kò di ẹ̀bi ru ẹni tó mú nǹkan nítorí pé ó gbà tọkàntọkàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìgbà tí ààlè bá ti wà lórí igi, ẹnu àwáwí yẹn ti di. Àwọn baba wa mọ̀ pé ó yẹ kí ìkìlọ̀ ṣáájú orúkọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé. Ìyá tó bá ṣí ìkòkò tí kò bá ẹran níbẹ̀ á béèrè pé, "Ta ló mú ẹran?" Mú kò ní ẹ̀bi nínú, ó fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ jẹ́wọ́. Ìyá tó bá bẹ̀rẹ̀ láti "Olè wo ló wà nínú ilé yìí?" ti sé ẹnu gbogbo ọmọ. Ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ orúkọ?

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí àwọn ọlọ́lá. Ẹ tan rédíò yín. Ọ̀dọ́ tó jí jẹnẹrétọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ kà, wọn yóò sì ní "ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ olè." Kò pẹ́, wọn yóò kan òṣìṣẹ́ ìjọba tí àjọ EFCC gbé lọ sí kóòtù, wọn yóò ní wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó "ṣe owó ìlú kúmọkùmọ." Ìgbà mìíràn ó lè jẹ́ báṣubàṣu, ìgbà mìíràn mọ́kumọ̀ku. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ ni gbogbo wọn. Ìró wọn ń ya àwòrán rúdurùdu sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n rúdurùdu nìkan ni wọ́n ń sọ. Kúmọkùmọ kò sọ ẹni tó ni owó náà. Kò sọ bóyá wọ́n kó o lọ sílé ni tàbí wọ́n ná an síbi tí kò yẹ. Bó bá jẹ́ pé wọ́n jí i kó, kí ló dé tí a ò lè sọ pé wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó jí i kó?

Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn máa ń di ọdún. Ní 2013, ọ̀gá kan nínú àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá gbà ní kóòtù l'Ábújá pé òun jẹ̀bi lórí owó tó lé ní bílíọ̀nù 20 náírà. Ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un jẹ́ ti ṣíṣi ohun ìní ẹlòmíràn lò, lábẹ́ abala 309 òfin tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ìjìyà tí abala yẹn ní fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan kò ju ẹ̀wọ̀n ọdún 2 lọ, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2 tàbí kó san 750,000 náírà, ó sì san owó náà. Gbogbo ìlú pariwo lé adájọ́ lórí. Nígbà tó di 2018, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 6, wọ́n sì ní kó san bílíọ̀nù 22.9 náírà. Èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́, ìwé ẹ̀sùn ni mo kọ́kọ́ wò nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí adájọ́ tó la ẹnu, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti fi òpin sí ohun tó lè ṣe.

Ní oṣù Karùn-ún 2014, nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan lórí tẹlifíṣọ̀n, Ààrẹ Goodluck Jonathan ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìwà ìbàjẹ́, olè jíjà lásán ni. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Síbẹ̀ mo rò pé apá kan ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún wa. Òótọ́ ni pé jíjí ni jíjí ń jẹ́. "Lásán" ni kò yẹ kó wà níbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá tó ti dàgbà, tó ń tò sórí ìlà láàárọ̀ láti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó jẹ́ lásán nínú jíjí i.

Ní ìdàkejì, ẹ rántí ohun tí igbe "olè! olè!" ń ṣe lọ́jà àti ní gáréèjì. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó sọnù, òkúta ti dé, táyà ti dé. Ní oṣù Kẹwàá 2012, ní Aluu, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn ènìyàn lu ọmọ yunifásítì mẹ́rin pa, wọ́n sì dáná sun wọ́n, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n jalè. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn náà kàn, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin náà kò ní ìwé ẹ̀sùn, wọn kò ní ògbufọ̀, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bóyá wọ́n jẹ̀bi. Orúkọ kan ni wọ́n pè wọ́n, ó sì tó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Ẹ̀yin oníròyìn tó ń ka ìròyìn lédè wa, ẹ jẹ́ kí afurasí jẹ́ afurasí, yálà ó wọ agbádá tàbí ṣòkòtò péńpé. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ní ó jí, ẹ sọ ẹni tó ni í, ẹ sọ bó ṣe jí i. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú kóòtù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìṣe kejì bọ́ sọ́nà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín ní ohun tó ṣe kí ẹ tó sọ ohun tó dà fún un. Ẹni tó sì ti ṣẹ̀wọ̀n tán, tó ti san gbèsè tó jẹ ìlú, kí á máa wí pé ó jí nǹkan nígbà kan rí. Ìgbà kan rí yẹn ni yóò jẹ́ kó lè rí iṣẹ́ ṣe, kó má padà sídìí èyí tó fi í sẹ́wọ̀n.

Jí kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ó ń béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ ẹni tó wa iṣu mẹ́ta lóko olóko àti ẹni tó kó owó ìfẹ̀yìntì: kí lo mú, ti ta ni, báwo lo ṣe mú un, kí lo sì fẹ́ fi ṣe? Ẹnu wa gbọdọ̀ lè bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè náà láìfi orúkọ pa ọ̀kan, láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bo èkejì. Ibẹ̀ ni ìdájọ́ òdodo ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí kóòtù tó lè ṣe é fún wa bí àwa fúnra wa kò bá kọ́kọ́ ṣe é nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa.